Ta ni ká gbé iṣẹ́ jẹ́sì ẹgbẹ́ wa fún, irú ọnà wo ni kó sì wà lára rẹ̀?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará wa, mo kí gbogbo yín. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa dá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ni wọ́n sì ní kí n wá ibi tí a ó ti ṣe aṣọ tí ẹgbẹ́ yóò máa wọ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Ǹ bá má gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbí, bí kì í bá ṣe ti ohun tí ojú wa rí lọ́dún tó kọjá.

Lọ́dún náà, a dáwó jọ, a sì gbé iṣẹ́ jẹ́sì 22 fún àwọn kan ní Èkó tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ wù wá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti fi í sójú fóònù wọn kí aṣọ gan-an tó dé. Pupa ni a ní kí wọ́n ṣe é, kí nọ́ńbà funfun wà lẹ́yìn, kí orúkọ oníṣòwò tó dáwó fún wa sì wà níwájú. Ó dára lójú nígbà tó dé. Àmọ́ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn nọ́ńbà funfun wọ̀nyẹn ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí ẹni pé a rẹ wọ́n pọ̀ mọ́ aṣọ tó ń yọ aró. Nígbà tí a fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kẹrin, apá òkè nọ́ńbà 7 ṣí kúrò lára aṣọ, ó ku igi kan ṣoṣo tó dá dúró, ni rẹfirí bá dá eré dúró láti bi wá pé báwo ni ẹgbẹ́ kan ṣe ní nọ́ńbà 1 méjì, tí ọ̀kan nínú wọn sì ń gbá wíńgì.

Ti sáìsì tún wà ńbẹ̀. Gbogbo àwọn tó sọ pé L ni àwọn ń wọ̀ ni wọ́n gba L, ṣùgbọ́n ọmọ tó tóbi jù nínú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn fún wa kò lè gbé ọwọ́ méjèèjì sókè dáadáa láti ju bọ́ọ̀lù wọlé. Nígbà tí a pe àwọn tó ṣe é, wọ́n ní àpèjúwe tí a fún wọn ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ní báyìí, ìmọ̀ràn ti pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́. Àwọn kan ní kí a lo aṣojú tó ń kó ọjà láti Ṣáínà, àwọn kan ní Abá ni kí a lọ, àwọn kan sì ní kí a má kúrò ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níhìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí a kúkú ṣe ẹ̀dà jẹ́sì ẹgbẹ́ ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ bàbá kan tó ń ràn wá lọ́wọ́ ní kí a fi ọnà ara ìtagbè, aṣọ oyè àwa Ìjẹ̀bú, sí i, kí ẹni tó bá rí wa mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, kí ni ó yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a bá fẹ́ gbé e fún, kí n tó san owó kankan sílẹ̀?

Atẹ̀wé-Sáṣọ, Ṣágámù

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ iṣẹ́ sára aṣọ ní Ṣágámù, mo sì lè sọ ohun tó ṣe nọ́ńbà yín láìfojú kàn án. Polyester, ìyẹn òwú àtọwọ́dá, ni aṣọ náà, ilé iṣẹ́ tó hun ún ló sì ti pa á láró pupa. Ẹni tó gba iṣẹ́ yín wá gé nọ́ńbà láti ara vinyl funfun, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ oníná lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Aró tí wọ́n fi ń pa polyester kò fẹ́ràn ooru: bí iná ẹ̀rọ bá ti mú jù, aró náà á di oru, á gòkè, á sì wọ inú vinyl tó wà lórí rẹ̀. Kì í hàn lójú ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, ìdí sì nìyẹn tí aṣọ yín fi dára nígbà tí ẹ gbà á. Pupa wà lára àwọn àwọ̀ tó burú jù nínú ìwà yìí. Vinyl kan wà tó ní ìpele aláwọ̀ eérú lábẹ́ funfun rẹ̀ láti dí aró náà lọ́nà, ṣùgbọ́n ó wọ́n ju èyí tó wà káàkiri lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í sì í lò ó àyàfi bí oníbàárà bá dárúkọ rẹ̀.

Ti nọ́ńbà 7 tó ṣí, ó lè jẹ́ pé ooru tàbí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kò tó. Ó ti ṣe èmi náà rí. Iná lọ nígbà tí mo ń tẹ iṣẹ́ kan lọ́wọ́, nígbà tí a ó fi tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ti tutù, mo sì rò pé ooru tó kù nínú rẹ̀ yóò tó. Kò tó. Ẹgbẹ́ náà dá jẹ́sì mẹ́ta padà fún mi kí oṣù tó parí, mo sì tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí mo máa gbà yín nímọ̀ràn láti ṣe ni sublimation. Kò sí lílẹ̀ nínú rẹ̀ rárá. Orí bébà ni a ó ti kọ́kọ́ tẹ gbogbo ọnà, nọ́ńbà, orúkọ àti àmì ẹgbẹ́, a ó wá gbé bébà náà lé polyester funfun, a ó sì fi ẹ̀rọ tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius tẹ̀ ẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Tàdáwà orí bébà á di oru, á sì wọ inú òwú polyester lọ, ibẹ̀ ni yóò máa gbé. Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa nọ́ńbà náà, ẹ ò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ga ju aṣọ lọ níbẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣí. Àǹfààní mìíràn ni pé bí ọnà ṣe pọ̀ tó kì í sábà fi kún owó, nítorí ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń wọlé.

Ó ní ibi tó kù sí, mi ò ní tàn yín. Kì í mú òwú gidi, ìyẹn kọ́tìnì, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí i, omi ni yóò gbé e lọ. Kò sì sí tàdáwà funfun nínú rẹ̀, funfun ara aṣọ gan-an ni funfun tí ẹ óò rí, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè ṣe sublimation nọ́ńbà funfun sórí aṣọ tó ti pupa tẹ́lẹ̀, ẹ dìde níwájú rẹ̀ kí ẹ máa lọ. Orí funfun ni a ti ń tẹ pupa náà, tí a ó sì fo ibi nọ́ńbà sílẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tó máa fi ọ̀jáfáfá hàn yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbìyànjú: ṣé kí ẹ tó rán an ni ẹ máa ń tẹ̀ ẹ́, àbí lẹ́yìn tí ẹ bá rán an tán? Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ gé aṣọ sí abala, iwájú, ẹ̀yìn, apá ọ̀tún, apá òsì, á tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó rán wọn pọ̀. Ẹni tó ń dá ọgbọ́n á ra jẹ́sì funfun tí wọ́n ti rán tán, á tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ibi tí aṣọ bá ti ká kò, lábẹ́ abíyá pàápàá, tàdáwà kò ní débẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ aṣọ náà sókè kí ẹ wo abẹ́ abíyá rẹ̀, bí ẹ bá ti rí ilà funfun wẹ́wẹ́ bíi ti ara ewé tó rọ, ẹ ti mọ irú ilé tí ẹ dé.

Ẹ tún béèrè bí aṣọ náà ṣe wúwo tó. Èyí tó tó gíráàmù 140 sí 160 fún mítà kan níbùú lóròó dára fún oòrùn ilẹ̀ wa, èyí tó bá fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ á máa fi ara hàn bí òógùn bá ti mú un. Bí ẹ kò bá sì dá a lójú pé polyester ni, ẹ fa òwú kan yọ níbi ìṣẹ́tí rẹ̀, kí ẹ fi iná ìṣáná kàn án. Polyester á ká kò, á sì di kóró dúdú líle. Kọ́tìnì á jó bíi bébà, á di eérú.

Ti Ṣáínà tàbí Èkó tàbí Abá, mi ò ka ibi tó wà sí bàbàrà. Ẹni tó bá gbà láti ṣe ẹyọ kan ṣoṣo fún yín kí ẹ fọ̀ ọ́ wò kó tó ṣe 21 tó kù, òun ni kí ẹ gbé e fún, kódà bí owó rẹ̀ bá fi díẹ̀ lé ti ẹnìkejì. Jẹ́sì 22 kéré lójú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Ṣáínà, bí àṣìṣe bá sì dé, ta ni yóò gbé e padà?

Rẹfirí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà nípa nọ́ńbà 1 méjì, nítorí pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa lórí pápá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti òfin, nítorí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ a máa ra aṣọ tán kí wọ́n tó rántí pé òfin wà.

Òfin 4 nínú òfin eré bọ́ọ̀lù tí IFAB ń ṣe ló sọ̀rọ̀ lórí aṣọ. Jẹ́sì gbọ́dọ̀ ní apá. Kamẹrúùnù fi ìyẹn dán FIFA wò: Puma rán jẹ́sì aláìlápá fún wọn ní ìdíje Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 2002, wọ́n sì gba ife náà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n FIFA kò gbà á fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún náà, ni wọ́n bá wọ apá dúdú sí i. Ní 2004, wọ́n tún gbé èyí tí aṣọ òkè àti ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà dé. FIFA bu owó ìtanràn lé wọn, ó sì yọ ààmì mẹ́fà kúrò nínú ti ìdíje wọn, kí wọ́n tó dá ààmì náà padà nígbẹ̀yìn.

Èyí tó kàn yín jù ni pé àwọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti àwa rẹfirí, ti aṣọ́lé sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo wa. Jẹ́sì kan ṣoṣo kò tó, bí ẹ kò bá lè ra méjì, ẹ ra bíìbù aláwọ̀ mìíràn, ìyẹn ẹ̀wù aláìlápá tí a máa ń wọ̀ lé jẹ́sì, sílẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó gùn dé ọwọ́, àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti apá jẹ́sì mu. Mo ti lé ọmọ tó wọ funfun sábẹ́ pupa jáde lọ pààrọ̀ rí, ìyá rẹ̀ sì ń bínú sí mi títí dòní.

Ẹ ro ti ojú pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1996, Manchester United wọ jẹ́sì aláwọ̀ eérú tí Umbro ṣe lọ bá Southampton. Kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí, wọ́n ti jẹ gbèsè góòlù mẹ́ta sí òdo, ni Alex Ferguson bá ní kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ, àwíjàre rẹ̀ sì ni pé àwọn ọmọ òun kò rí ara wọn láàárín èrò. Wọ́n pàdánù náà ni, 3 sí 1. Bóyá aṣọ ló fà á tàbí òun kọ́, èmi kò mọ̀ ju Ferguson lọ, ṣùgbọ́n ní pápá tí koríko rẹ̀ ti gbẹ, tí eruku rẹ̀ sì pupa bíi tiwa, jẹ́sì aláwọ̀ ilẹ̀ a máa ra mọ́ eruku. Bí ẹ bá máa fi ọnà sí i, ẹ má jẹ́ kí ó dé ibi nọ́ńbà. Láti apá kejì pápá ni mo ti gbọ́dọ̀ lè kà á.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti fa òwú kan láti ara jẹ́sì wa tó bàjẹ́, ó sì di kóró dúdú gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ó ku ọ̀rọ̀ sáìsì àti ti ìtagbè, tí kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìyá Aránṣọ, Òkè-Ajé

Akọ̀wé ọmọ mi, lẹ́tà kì í ṣe ìwọ̀n. L ti ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ M ti èkejì, èyí tó ń ti ìhà Ṣáínà wá a sì máa kéré sí ti ibòmíràn. Má bi ọmọ kankan pé kí ni sáìsì rẹ mọ́. Sọ fún olúkúlùkù wọn kí ó mú ẹ̀wù kan tó bá a lára mu wá láti ilé, tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí o fi tépù wọ̀n ọ́n láti abíyá kan sí èkejì, kí o wọn gígùn rẹ̀ láti èjìká dé ìsàlẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ìwé tí ìwọ̀n yẹn wà nínú rẹ̀ ni kí o gbé fún ẹni tó máa rán an, kí ó buwọ́ lù ú. Bí wọ́n bá tún sọ fún ọ pé àpèjúwe tìrẹ ni àwọn tẹ̀ lé, ìwọ náà á mú ìwé jáde.

Yí aṣọ sódì kí o tó gbà á. Ẹ̀rọ wíífìn ni kí wọ́n fi pa etí rẹ̀, kí ojú rírán sì lè fà pẹ̀lú aṣọ. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ lásán tí a fi ń rán àǹkárá rán jẹ́sì, ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ na ọwọ́ ni òwú máa já pàù lábẹ́ abíyá. Di èjìká mú ní ọwọ́ méjèèjì, fà á gbọọrọ, kí o tẹ́tí sí i.

Má sì gbé iṣẹ́ yìí fún télọ̀ kankan ní Ìjẹ̀bú-Òde bí Iléyá bá ti ń sún mọ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ló sì ní aṣọ tó fẹ́ fi jáde. Ní àsìkò yẹn, àwọn tó ti sanwó láti ọjọ́ pípẹ́ gan-an ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mi títí ilẹ̀ fi ṣú, kí n má gbé tiwọn sẹ́yìn. Ta ló máa ráyè jẹ́sì?

Ní ti ìtagbè, ìyá ìyá mi hun aṣọ olónà lórí òfì ìdúró, mo sì jókòó ti obìnrin náà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìtagbè kì í ṣe aṣọ ìgbafẹ́. Aṣọ oyè ni, àwọn Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìlú, ló ń gbé e kọ́ èjìká, ṣakí tó wà létí rẹ̀ sì ní ìtumọ̀ fún àwọn tó ni ín. Òótọ́ ni pé bàbá yẹn fẹ́ràn ìlú, ṣùgbọ́n kí a gbé gbogbo ìtagbè sẹ́yìn ọmọ tó máa bọ́ jẹ́sì sílẹ̀ jù sínú eruku, mi ò fara mọ́ ọn. Ọnà tó wà lára aṣọ olónà pọ̀: ọ̀nì wà ńbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ wà ńbẹ̀, onígun mẹ́rin tó so kọ́ra wà ńbẹ̀. Mú èyí onígun mẹ́rin yẹn, fi sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ láti abíyá dé ìsàlẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, yóò dùn ún wò, rẹfirí á sì rí nọ́ńbà rẹ̀ kà. Bí o bá fẹ́ ju ìyẹn lọ, lọ fi orí kan àwọn àgbà kí o tó ná owó.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Mo fara mọ́ ohun tí Màmá sọ. Èmi kì í rán aṣọ, bọ́ọ̀lù ni mo ń wò, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ yẹn wí díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà.

Jẹ́sì tí Nike ṣe fún Super Eagles ní 2018 ló fi hàn pé ohun tí a ní nílé lè tà. Èyí tí Adidas ṣe fún wa ní 1994 ni wọ́n wò kí wọ́n tó ya á, ìyẹn ọdún tí Rashidi Yekini fi góòlù wọlé Bulgaria tó sì di àwọ̀n mú tó ń sunkún. Wọ́n fi dúdú àti funfun sí apá rẹ̀ bí ìyẹ́ idì, àwọ̀ ewé sì wà láàárín. NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, sọ pé àwọn tó ti béèrè fún un kí ó tó jáde tó mílíọ̀nù 3, nígbà tí wọ́n sì ṣí ìlẹ̀kùn ìsọ̀ Nike ní London lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà, èrò ti tò lọ síta. Kò sẹ́ni tó tò nítorí pé ó jọ ti England.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín. Remo Stars gba líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/2025, láti Ìkẹ́nnẹ́ níbí, àwọ̀ sánmà sì ni gbogbo ènìyàn fi ń dá wọn mọ̀. Ọmọ kékeré tó bá wọ aláwọ̀ sánmà kọjá ní òpópónà, a ti mọ ibi tó ń lọ. Àwọ̀ kan tí ẹ di mú fún ọdún márùn-ún á ṣe yín láǹfààní ju ọnà tuntun lọ́dọọdún. Bí pupa bá ni tiyín, ẹ má torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá sá fún un.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àmì Nike tàbí ìlà mẹ́ta Adidas sí aṣọ tí wọ́n rán ní Ṣágámù. Olè ni, kò sì mú aṣọ dára sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wọ̀nyẹn gan-an kì í fi ọwọ́ ara wọn rán ọ̀pọ̀ aṣọ wọn, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ní Vietnam, Cambodia, Ṣáínà àti irú ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e fún, tí wọ́n sì ń yẹ iṣẹ́ wọn wò lójú méjèèjì. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣágámù ní kí ẹ ṣe pẹ̀lú ẹyọ kan yẹn ni àwọn náà ń ṣe.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Màámi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. A ṣe ìpàdé lálẹ́ àná. Pupa náà ni a fẹnu kò sí, pẹ̀lú ìlà onígun mẹ́rin tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bàbá tó mú ọ̀rọ̀ ìtagbè wá sì gbà lẹ́yìn tí mo ka ohun tí Màmá kọ sí i létí. Aṣọ́lé yan àwọ̀ ewé. A ó ra bíìbù funfun 15. Ẹni mẹ́ta ni mo ti bi pé kí wọ́n tó rán an ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ àbí lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀kan bínú, ọ̀kan ní kò sí ìyàtọ̀, ẹnì kẹta mú abala apá tí kò tíì rán jáde fún mi wò. Òun ni mo san owó ẹyọ kan fún. Nọ́ńbà 7 ni mo ní kó ṣe, a ó sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún kí n tó padà wá sọ bó ṣe rí.

Atẹ̀wé-Sáṣọ, Ṣágámù

Ó dára bẹ́ẹ̀. Omi tútù ni kí ẹ lò, ẹ yí i sódì kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ má sì sá a sórí páànù.